Àwòrán Tó Bá Kóòtù Gòkè

Ọkùnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá náà ń pè ní Bàbá Nọ́ọ̀sì kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, abẹ́rẹ́ gan-an ń bà á lẹ́rù. Aṣọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru kì í ti í lọ sinmi, ló ti ń lọ aṣọ àwọn àlejò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni nọ́ọ̀sì, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ọjọ́ tí ọmọ náà ti gba ìwé ẹ̀rí ni bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í yangàn. Bí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, á ní, "Ṣé kí n bá ọ bi nọ́ọ̀sì mi?" Bí orúnkún bá dun ẹni tó ń gbé aṣọ gòkè, á ní nọ́ọ̀sì òun ti ní kò séwu, omi gbígbóná ni. Ó sọ ọ́ débi tó sú wọn, ni wọ́n bá kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ.

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Bàbá" lásán ni wọ́n ń pè é, wọn a sì yára kọjá lọ.

Ìdí ni pé àwọn ṣọ́jà ti mú nọ́ọ̀sì. Kí ló ṣe? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba dúró sẹ́nu géètì, wọ́n gbé páálí dání, ohun tí wọ́n sì kọ sára páálí kò ju "Ìbò dà?" lọ. Nígbà tí Ọ̀gágun fi ìbọn lé olórí ìlú tí aráàlú dìbò yàn kúrò lórí àga ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ló ní kí ọdún kan tó yípo, ìbò á ti wáyé. Àwọn ọmọ yìí kàn rán an létí ni. Ọkọ̀ ṣọ́jà dé, wọ́n kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni ń kó àpò ìrẹsì, wọ́n gbé wọn lọ sí Ilé Pupa.

Ilé Pupa wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá á fò sí òdìkejì títì, á sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá lọ béèrè ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ yẹn kan náà ló ń gba aṣọ mímọ́ lọ́wọ́ ìyàwó Bàbá Nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń kó ìdọ̀tí padà fún un. Ìdọ̀tí yẹn ni ayọ̀ wọn. Aṣọ tó bá ń dọ̀tí, ẹnìkan ló ń wọ̀ ọ́. Bàbá Nọ́ọ̀sì a jókòó ti ọpọ́n lẹ́yìn ilé, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ á fi dúró ṣánṣán, a wá dì í padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ náà padà dé láìdọ̀tí. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i pé ọmọ yín mọ ìmọ́tótó," ni obìnrin náà wí. Bàbá Nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà, ó wo apá rẹ̀, ó wo ìbàdí. Ìlà tí òun fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ síbẹ̀ ṣì wà bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò wọ aṣọ yìí. Wọn kò tilẹ̀ tú u wò. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní àbí o ò rí i, ọmọ wa mọ́ tónítóní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Aṣojú dé.

Ará òkè-òkun ni Aṣojú, ọkùnrin gíga kan báyìí tí àárẹ̀ máa ń hàn lójú rẹ̀. Àwọn ìlú ńláńlá tí ń dá ayé lẹ́jọ́ ló rán an. Ó gba gbogbo àjà tó ga jù ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ní ó wá tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Ọ̀gágun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí ó máa ń bí mi nínú. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ṣọ́jà orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì odò náà gba ìjọba. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tiwa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà lórí tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀, àfi bí ẹni pé ẹnìkan náà ló kọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tọ̀hún ní kí ará òkè-òkun palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tiwa sì fún wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá kan. Ni tọ̀hún bá di ìfipágbàjọba lẹ́nu ará òkè-òkun, tiwa wá ń jẹ́ àkókò ìyípadà. Wọ́n ti báǹkì àwọn tọ̀hún, wọ́n lé wọn kúrò ní gbogbo ìpàdé, òògùn gan-an kò ráyè wọlé sọ́dọ̀ wọn. Tiwa ńkọ́? Ọwọ́ ni wọ́n ń wá bọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ ayàwòrán.

Ẹ̀rù tó ń ba Bàbá Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó rí i báyìí. Ohun tó rí ni pé Aṣojú jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n nígbà kan, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ka orúkọ àwọn tí ṣọ́jà òdìkejì odò tì mọ́lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ka orúkọ tíṣà abúlé kan. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó dé orí tíṣà yẹn.

"Ọkùnrin yẹn láàánú lójú," ni Bàbá Nọ́ọ̀sì sọ fún Ìyá Olómi. "Kò tíì gbọ́ tiwa ni."

Ìyá Olómi ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ. Opó ni, ó lẹ́nu bí abẹ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń wa ọkọ̀ aláìsàn ní ọsibítù. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú òun àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Òun àti Bàbá Nọ́ọ̀sì kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun lójú kan.

"Kò tíì gbọ́ kẹ̀!" ni Ìyá Olómi wí. "Ọkùnrin tó mọ tíṣà abúlé lórúkọ! Bàbá, ẹ jẹ́ n fọ aṣọ mi o jàre."

Bàbá Nọ́ọ̀sì ti ní nǹkan kan lọ́kàn, nǹkan náà sì ń bà á lẹ́rù.

Ìlànà kan wà níbi iṣẹ́ wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú àpò aṣọ àlejò, ìbáà jẹ́ owó ẹyọ, ìbáà jẹ́ bébà lásán, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o sínú ọ̀rá kékeré kan, kí wọ́n fi pín-ìn-nì kọ́ ọ mọ́ ìgbékọ́ aṣọ náà, kó bá aṣọ padà gòkè. Ẹnikẹ́ni kì í tú ọ̀rá yẹn wò lójú ọ̀nà. Àlejò fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Ogún ọdún ó lé tí Bàbá Nọ́ọ̀sì ti ń ṣe é, kò sọ ẹyọ bọ́tìnnì kan nù rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kóòtù Aṣojú sọ̀ kalẹ̀, dúdú tó ní ìlà tínínrín, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án lọ bá àwọn oníròyìn. Bíírò ìkọ̀wé kan ló wà lápò rẹ̀. Bàbá Nọ́ọ̀sì lọ kóòtù náà bí kò ṣe lọ aṣọ rí. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀yìn. Ṣọ́jà tí wọ́n fi síbẹ̀ láti ọjọ́ tí Aṣojú ti dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fóònù rẹ̀ ṣeré. Bàbá Nọ́ọ̀sì ti ọwọ́ bọ àyà, ó yọ àwòrán ọmọ rẹ̀ jáde, èyí tó yà lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, tó wọ fìlà funfun, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ayé. Ó ti kọ orúkọ ọmọ náà sẹ́yìn rẹ̀ àti "Ilé Pupa" nísàlẹ̀. Ó tì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú bíírò yẹn, ó fi pín-ìn-nì kọ́ ọ. Pín-ìn-nì gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gbé aṣọ gòkè dé, ó gbé e, ilẹ̀kùn lífítì padé.

Ìgbà yẹn gan-an ló wá mọ ohun tí òun ṣe. Bó bá jẹ́ akọ̀wé Aṣojú ló tú ọ̀rá ńkọ́? Bí Ọ̀gágun bá ti fi èèyàn tirẹ̀ sí yàrá òkè ńkọ́? Wọ́n á béèrè ta ló lọ kóòtù yìí. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n máa bi. Wọ́n á lọ bá ọmọ náà níbi tó wà, bó bá ṣì wà. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, òtútù sì ń mú un. Ó sáré síbi lífítì bí ẹni pé ó lè pè é padà. Ṣọ́jà gbójú sókè.

"Bàbá, kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ooru ni."

Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n ní yàrá oúnjẹ òṣìṣẹ́. Aṣojú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gágun. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Ojú Bàbá Nọ́ọ̀sì kò kúrò ní àpò àyà kóòtù náà. Ó rí i kedere, ẹni tó bá lọ aṣọ fún ogún ọdún máa ń mọ̀: nǹkan pẹlẹbẹ kan wà nínú àpò yẹn. Ó ti rí i! Ó fi sáyà! Ó fẹ́ kà á jáde!

Oníròyìn kan dìde, ó béèrè àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ní òdìkejì odò. Ojú Aṣojú le. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó ní ẹni tó bá fi ìbọn gba ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti aráàlú mọ́lé. Ọ̀gágun tó jókòó tì í mi orí, bí ẹni pé ìwàásù ẹlòmíràn ni.

Oníròyìn mìíràn, ọmọbìnrin kékeré kan, béèrè, "Àwọn ti ìhín ńkọ́?"

Aṣojú gbé ọwọ́ sókè, ó fi tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń rìn. Ó ní Ọ̀gágun ti fi dá òun lójú pé ẹnikẹ́ni kò sí látìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìlú yìí, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòrán ọmọ náà wà láyà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá Olómi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo rẹ̀, ó jáde. Bàbá Nọ́ọ̀sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù tó wá ń bà á báyìí ju ti òwúrọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní máníjà ń pè é. Bàbá Nọ́ọ̀sì lọ sí yàrá máníjà. Máníjà kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tí kò wọ aṣọ ṣọ́jà ló jókòó sórí àga rẹ̀, ọkùnrin mímọ́ tónítóní, olóhùn jẹ́jẹ́. Àwòrán wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ jókòó, Bàbá Nọ́ọ̀sì," ló wí. Gbígbọ́ tí ó gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀, ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀. "Ẹ mọ aṣọ lọ̀ o. Àlejò wa yìn yín. Ó sì béèrè ọmọ yín lọ́wọ́ wa, kò pariwo, láàárín ọ̀rẹ́ ni. A ní kò sí láhàámọ́. A ní ó lọ kí àǹtí rẹ̀ ni. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Bàbá Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ àwòrán tó wà lórí tábìlì.

"Àlejò náà fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀," ni ọ̀gá náà ń bá a lọ. "Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, àǹtí ọmọ yín á dá a padà wálé lónìí. Bí kò bá balẹ̀..." Ó mú àwòrán náà, ó wò ó dáadáa. "Ọmọ dáadáa ni. Irú ẹ̀rín yìí ṣọ̀wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Bàbá Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó wà láàyè?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín."

Ilẹ̀kùn ṣí. Aṣojú wọlé pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀. Ó bọ Bàbá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ọwọ́ tirẹ̀ náà ń rin fún òógùn. Ó béèrè bóyá àlàáfíà ni ọmọ wà.

"Ó wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, sà."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Aṣojú mí kanlẹ̀. Ó tún béèrè ọ̀kan sí i, ògbufọ̀ sì yí i padà báyìí: "Ó ní ṣé ẹ wá mọ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, tí wọ́n tì mọ́lé ní ìlú yìí?"

Bàbá Nọ́ọ̀sì wo ojú ọkùnrin náà. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ìkà níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀. Ó mọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń bẹ alágbàfọ̀ pé kó dákun má jẹ̀ẹ́ kí òun gbọ́ ọ ni. Bàbá Nọ́ọ̀sì ronú kan ọmọ tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn. Ó ronú kan ìyá ọmọ náà tó ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ ilé yìí kan náà. Lẹ́yìn náà ó ronú kan aṣọ tí ìlà rẹ̀ ṣì wà bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

"N kò mọ ẹnìkan, sà," ló wí.

Aṣojú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ kan já ọmọ náà sílẹ̀ ní oríta. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé. Ìyá rẹ̀ kò dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rò pé alágbe ni, àfìgbà tó pe "Màámi". Igbe tí obìnrin náà ké, ó fi ìró-aṣọ bo ara rẹ̀ lẹ́nu kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jẹ díẹ̀. Ó ní aṣọ tí ìyá òun ń gbé wá, òun kò rí i mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun sí yàrá ìsàlẹ̀, tí kò ní àyè láti jókòó.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ni bàbá rẹ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Bí wọ́n ṣe ń mú mi jáde ni ọkọ̀ akẹ́rù dé tí wọ́n ń kó wọn sí. Wọ́n ní àlejò lè fẹ́ wá wo Ilé Pupa, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní ará ìlú kan ti jẹ́rìí sí i pé kò sẹ́ni níbẹ̀." Ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, báwo lẹ ṣe ṣe é tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀?"

"Lọ sùn, ọmọ mi," ni Bàbá Nọ́ọ̀sì wí. "Lọ sùn ná."

Kò sí ohun tí ẹnu kò lè gbé dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí Bàbá Nọ́ọ̀sì máa fi dé ìsàlẹ̀ ilé lówùúrọ̀, Ìyá Olómi ti gbọ́. Ó fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń jó, ó ń sunkún, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì! Bàbá Nọ́ọ̀sì wa! Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má bínú o. Òótọ́ lẹ sọ. Ọkùnrin yẹn kò tíì gbọ́ ni!"

Kóòtù dúdú wà lórí tábìlì ìlọṣọ. Aṣojú ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aṣọ tó máa wọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Ìyá Olómi wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ṣọ́jà kọjú sí ibòmíràn, ó sì ti àwòrán kan sí Bàbá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ni, ó gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ aláìsàn, ó ń ṣe fáàrí.

"Ẹ bá mi fi tèmi náà sí i," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn."

Bàbá Nọ́ọ̀sì di àwòrán náà mú. Bó bá fi í sínú ọ̀rá, ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí, ó ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á padà wá mú ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó tún lè gbà á kó fi pamọ́, kó purọ́ fún obìnrin yìí. Kò lè ṣe ọ̀kankan.

"Ìyá Olómi, ó bi mí léèrè."

"Ta ló bi yín?"

"Aṣojú. Ó ní ṣé mo mọ ẹlòmíràn tí wọ́n tì mọ́lé."

Ojú obìnrin náà tàn. "Ẹ wá dárúkọ rẹ̀ fún un?"

"Mo ní n kò mọ ẹnìkan."

Ìyá Olómi gba àwòrán ọmọ rẹ̀ padà. Òógùn ọwọ́ Bàbá Nọ́ọ̀sì ti rin ín, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó nù ún lójú, ó nù ún lórí, bí ẹni ń nu ojú ọmọdé.

"Ta ni mo wá bí?" ló béèrè.

Ẹni tó ń gbé aṣọ gòkè ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kóòtù dà, wọ́n ti ń dúró dè é lókè.